Ohun Tí Mo Sọ Nípa Káàdì Pupa Náà

Ìyá Kọ́bapẹ́, ẹ má tíì bi mí bóyá àlàáfíà ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó. Láti ibi tí mọ́tò ti já mi sílẹ̀ létí títì Ṣágámù ni mo ti ń bojú wẹ̀yìn, tó ń ṣe mí bí ẹni pé ẹnì kan ń tẹ̀ lé mi, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi. Ẹ ṣeun, mo rí omi náà, màá mu ún tó bá yá. Wọ́n ní èmi ni mo fi iná sun àbúrò yín. Èmi Rodiat. Ìyá Kemta tó bí ọkọ mi, tí mo ń kúnlẹ̀ kí láti ọjọ́ tí ẹ ti gbà mí wọlé, wọ́n ní èmi ni mo gbẹ́nu lé wọn, wọ́n ní mo ṣépè, èpè náà sì jà.

Ẹ ti gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ, ojú yín ti sọ fún mi kí n tó wọlé. Kí ni wọ́n sọ fún yín? Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ tèmi kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, torí wọ́n ti ní lẹ́yìn Jímọ̀ gbogbo ẹbí á jókòó ní Òwu, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn mi ní Ṣágámù pé kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí ọmọ wọn ṣe. Nígbà tí ilé ọkọ bá ránṣẹ́ pe òbí ìyàwó báyẹn, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n fẹ́ dá mi padà ni. Àbí ọlọ́pàá ni wọ́n fẹ́ pè? Mi ò mọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ yẹn ló ń já mi láyà jù.

Nítorí káàdì kọ̀ǹpútà. Ẹ gbọ́ mi, Ìyá mi, nítorí káàdì kọ̀ǹpútà ni gbogbo èyí.

Ẹ má bínú, ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti bí Lubabah ni mo ti fi iṣẹ́ Èkó sílẹ̀, tí mo ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé nínú yàrá wa ní Òwu. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, kí wọ́n tó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn, èmi á ti ya ilé náà fún un bí ẹni pé ó ti parí, pẹ̀lú fèrèsé, pẹ̀lú òdòdó ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú òjìji lára ògiri. Káàdì kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, gíráfíìsì káàdì ni wọ́n ń pè é, òun ló ń gbé àwòrán jáde sójú gíláàsì. Bí kò bá lágbára, iṣẹ́ tán. Ilé-iṣẹ́ méjì ló ń bá ara wọn du ọjà ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa sì ti pín sẹ́yìn wọn bí àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù, àwọn kan ń ti pupa lẹ́yìn, àwọn kan ń ti àwọ̀ ewé lẹ́yìn.

Tèmi, pupa ni. Àlòkù ni mo rà á n'Íkẹjà, ó ti dàgbà kó tó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ti Bọ̀dá Abdulbaqi, àbúrò ọkọ mi, àwọ̀ ewé ni, ẹgbẹ́ kan náà sì ni méjèèjì, ọdún kan náà ni wọ́n jáde. Mo ń pè é ní bọ̀dá o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ, torí mo bá a nílé. Mi ò fojú di ẹnikẹ́ni rí nínú ilé yẹn, kódà ẹni tí mo lè bí lábúrò.

Nígbà tí káàdì méjèèjì ṣì wà lójú ọjọ́ wọn, tirẹ̀ ló yá jù, mi ò jiyàn. Fídíò ìgbéyàwó nìkáhù tó máa ń gé tó máa ń tò fún àwọn èèyàn, bó bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí ló ti jáde, tèmi á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ, fáànù ẹ̀ á máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń pe káàdì mi ní Bàbá Arúgbó, á bi Lubabah bóyá Bàbá Arúgbó ti jẹun. Mo ń bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tó bá yá lónìí kọ́ ló ń yá títí ayé, Ìyá mi. Iṣẹ́ ń wúwo sí i lọ́dọọdún. Àwọn oníbàárà tó ń fẹ́ àwòrán ilé kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ odindi àdúgbò, pẹ̀lú ọ̀nà, pẹ̀lú odò, pẹ̀lú gbogbo ewé orí igi. Káàdì tirẹ̀ yẹn mọ eré sá, ṣùgbọ́n àyè inú ẹ̀ kéré, bí ẹrù bá ti pọ̀ díẹ̀ ó ti kún dé ọrùn, á dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àyè inú tèmi fẹ̀ jù ú lọ fíìfíì. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe tèmi ò sì pa á tì, wọ́n ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí mo bá sì ti gba àtúnṣe yẹn wọlé, á tún mọṣẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èmi náà ò pa á tì. Mo ń tú u, mo ń fọn eruku ẹ̀, mo ń pààrọ̀ gírísì tó wà lábẹ́ irin ẹ̀. Ìwà tí kò dáa tó ní ò ju pé ó máa ń gbóná, ó sì máa ń mu iná. Mo mọ̀, mo ti fi páwà páàkì ńlá sí i, ìyẹn àpótí irin tó ń pín iná fún gbogbo ara kọ̀ǹpútà, mo sì mọ ìgbà tó yẹ kí n jẹ́ kó sinmi. Bí ẹni tó ń gbé pẹ̀lú àgbàlagbà ni.

Iléyá tó kọjá ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá Abdulbaqi gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá s'Ówu, ó ní òní la máa mọ èyí tó jẹ́ ọkùnrin nínú méjèèjì. Àwòrán kan náà la ṣí lórí tèmi àti tirẹ̀, ilé ìtura kan tí mò ń yà fún ẹnì kan ní Kọ́bapẹ́ yín níbí. Tirẹ̀ kọ́kọ́ ṣáájú, ó ti ń fọ́nnu. Ìgbà tó kan gíláàsì àti igi, ló bá dúró, ojú ẹ̀ dúdú, bó ti tún un tàn ló tún dúró. Tèmi ń rìn ní tirẹ̀, kò sáré, kò dúró, títí ó fi parí ẹ̀. Ọkọ mi pàtẹ́wọ́. Ìyá wa ti Kemta tí wọn ò mọ ohun tí à ń ṣe náà bá wọn pàtẹ́wọ́. Èmi wojú Bọ̀dá Abdulbaqi, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ò dùn mọ́ mi nínú.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Mo lọ kí ìyá mi tí ara wọn ò yá ní Ṣágámù, mo sùn síbẹ̀. Kí n tó dé, ọkọ mi ti gba àbúrò ẹ̀ láyè, wọ́n ti yọ pupa kúrò nínú kọ̀ǹpútà mi, wọ́n ti fi àwọ̀ ewé rọ́pò. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Mo jókòó síbi iṣẹ́, mo ṣí àdúgbò kan tí mo ní láti fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo òrùlé di dúdú, ilé ń já sí wẹ́wẹ́ lójú mi, mo rò pé kọ̀ǹpútà ti kú. Ìgbà tí mo tú u ni mo rí i. Mo bi bàbá Lubabah, ó ní àbúrò òun níṣẹ́ ńlá kan lọ́wọ́, pé káàdì ni káàdì ń jẹ́, pé ti àwọ̀ ewé tiẹ̀ yá ju tèmi lọ nínú ìwé tí òun kà, pé oore ni òun ṣe fún mi. Ìyá Kọ́bapẹ́, ìkòkò ọbẹ̀ lásán, ẹ ò ní gbé e lórí àdògán obìnrin láìbi í. Ṣé ohun tí mo fi ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi ni wọn ò ní bi mí kí wọ́n tó gbé lọ?

Bẹ́ẹ̀ náà, mi ò jà. Mo pe Bọ̀dá Abdulbaqi lórí fóònù. Mo bi í pé inú kọ̀ǹpútà wo ló fi káàdì náà sí. Ó ní inú kọ̀ǹpútà òun náà ni, ní pálọ̀ Ìyá wa ní Kemta. Mo bi í pé páwà páàkì wo ló ń lò. Ó ní èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ohun kékeré yẹn, tó jẹ́ pé káàdì tí kì í mu iná púpọ̀ ló ń bọ́ láti ọjọ́ yìí, báwo ló ṣe fẹ́ bọ́ tèmi? Wáyà ẹ̀ á yọ́ ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní mò ń jowú ni, pé mi ò fẹ́ kóun náà gbádùn Bàbá Arúgbó. Ìgbà náà ni mo wá sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń wá mi kiri. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, mo ní, "Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, Bọ̀dá. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa jó yín mọ́lé."

Ó máa jó yín. Bí mo ṣe wí i nìyẹn. Èyí tó wá ń sọ káàkiri Kemta báyìí ni pé mo ní, "Kó jó yín mọ́lé."

Ẹ̀yin lẹ bí wa, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa lédè. Ẹni tó ní òjò máa pa ọ́, ṣé ó ní kí òjò pa ọ́ ni? Ẹni tó rí ejò lẹ́yìn ọmọ, tó ní ó máa bù ọ́ ṣán, ṣé òun ló rán ejò? Ọ̀rọ̀ bíńtín tó wà láàárín ìkìlọ̀ àti èpè yẹn ni wọ́n yí mọ́ mi lẹ́nu, òun náà ni wọ́n fẹ́ fi lé mi kúrò nílé ọkọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ajé, ọkàn mi ò balẹ̀. Bàbá Lubabah ti lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó. Mo ní kí n fẹsẹ̀ ara mi lọ sí Kemta. Mo tú páwà páàkì ńlá tèmi kúrò nínú kọ̀ǹpútà mi, mo gbé e sínú báàgì, mo ní bí kò bá fẹ́ dá káàdì mi padà, kó kúkú gba èyí náà mọ́ ọn, kó má baà ṣe Ìyá wa léṣe. Ẹ rí bí mo ṣe jẹ́ ìkà tó. Báàgì yẹn náà ni wọ́n gbé sílẹ̀ níwájú bàbá Lubabah nígbà tó dé, wọ́n ní wáyà àti irin ni mo gbé wá, wọ́n ní kó wá wo ohun tí ìyàwó ẹ̀ fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ibi.

Mo dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò tíì pe ìrun Àlàásárì. Mo kí, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Bọ̀dá Abdulbaqi ti jáde, ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kó máa bá iṣẹ́ lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì, níbi àga gígùn tí Ìyá wa máa ń fẹ̀yìn lé lọ́sàn-án. Iná mànàmáná tó ń ṣe bàìbàì láti àárọ̀ ti wá ga tagbára tagbára, gílóòbù ẹnu ọ̀nà mọ́lẹ̀ débi pé mo fọwọ́ bojú. Ni mo bá gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó.

Mo ti ilẹ̀kùn wọlé. Èéfín ti kún pálọ̀, kọ́tìnnì ti ń jó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mi ò rí Ìyá wa. Mò ń pè wọ́n, mò ń fọwọ́ tálẹ̀ kiri, ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí láyé mi, mo fẹ́ sá, kí n má parọ́ fún yín, ẹsẹ̀ mi ti yí padà sí ẹnu ọ̀nà. Ìgbà náà ni wọ́n wúkọ́. Mo rìn síbi tí ikọ́ yẹn ti wá, mo bá wọn lórí àga, mo fà wọ́n bọ́ sílẹ̀, mo wọ́ wọn jáde. Mo wọ́ wọn ni, agbára mi ò ká a láti gbé wọn. Orí wọn gbá ìloro, ó bó. Wọ́n ní ibi tí mo ti lù wọ́n nìyẹn.

Kí lẹ̀ ń wò? Ọwọ́ mi. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí i ni mi ò ṣe tíì mu omi tẹ́ ẹ gbé fún mi. Kọ́tìnnì ló já lé wọn láyà, èmi ni mo ṣí i kúrò. Rárá, mi ò tíì lọ sí ọsibítù. Ọsibítù wo ni kí n lọ, níbi tí gbogbo wọn jókòó sí? Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Bàbá Lubabah rí mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo fi hìjáábù bo ọwọ́ náà. Kò bi mí bóyá iná kàn mí. Ohun tó bi mí ni pé kí ni mo lọ wá ní Kemta.

Ó dùn mí ju iná lọ.

Wọ́n ti mú Lubabah lọ́dọ̀ mi, ṣé wọ́n sọ ìyẹn fún yín? Wọ́n ní kó máa wà ní Kemta ná. Ọmọ náà pè mí láàárọ̀ yìí, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fara pamọ́, ó ní Mọ̀mí, ṣé lóòótọ́ ni ẹ sọ fún iná pé kó jó ìyá àgbà. Fóònù já.

Bọ̀dá Abdulbaqi tún ń sọ pé àwọn káàdì pupa náà ni ò dáa, pé gbogbo wọn ló ń jóná, pé ti òun ì bá má ṣe bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Káàdì yẹn sìn mí títí, èmi náà lò ó títí, kò rú èéfín kan rí. Ohun tó ti dàgbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ìtọ́jú ló ń jẹ, ẹ ò lè gbé e kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìwà ẹ̀, kẹ́ ẹ wá ní kó máa sáré fún yín lórí ebi. Wọ́n gbé òkú ẹ̀ jáde pẹ̀lú eérú pálọ̀. Ti àwọ̀ ewé ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà mi ní Òwu, mi ò sì lè tan án, mi ò tiẹ̀ lè wọ yàrá yẹn, bí mo bá ti rí wáyà lásán báyìí, màá yà fún un.

Kí ni mo wá fẹ́? Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Fóònù ọjọ́ yẹn, Bọ̀dá Abdulbaqi gbé e sórí sípíkà. Mo gbọ́ ohùn Ìyá wa lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ń bi í pé kí ni ìyàwó ń sọ. Nítorí náà àwọn nìkan ló gbọ́ ọ yàtọ̀ sí òun. Láti ọjọ́ Ajé, wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọ́n fi rọ́bà tí wọ́n fi ń mí sí wọn lọ́fun, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá kú, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, tí wọn ò sọ nǹkan kan, mo gbé. Bí wọ́n bá sì jí ńkọ́? Ohùn fóònù yẹn máa ń ha. Ṣé wọ́n gbọ́ ohun tí mo sọ dáadáa? Àbí ohun tí ọmọ wọn bá sọ sí wọn létí ni wọ́n á rò pé àwọn gbọ́? Mo ti ro ó títí, mi ò mọ èyí tó yẹ kí n máa gbàdúrà fún, mo sì ń gbàdúrà kí wọ́n jí, Ọlọ́run ń gbọ́ mi, bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ ibi sí wọn, kí Ó má gba ìrun kankan lọ́wọ́ mi mọ́.

Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo fẹ́ ò ju pé kí ẹ lọ jókòó tì wọ́n, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí Bọ̀dá Abdulbaqi jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa ròyìn fún wọn. Kẹ́ ẹ sì jókòó ní Òwu lọ́la, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí.

Fóònù mi ni. Bàbá Lubabah ni. Mi ò lè gbé e. Ìyá mi, ẹ bá mi gbé e. Ẹ sọ fún un pé ọ̀dọ̀ yín ni mo wà, mi ò sá lọ.

Kí ló wí? Ẹ wí i, ohunkóhun tó bá jẹ́. Ṣé wọ́n ti...

Wọ́n ti yọ rọ́bà? Wọ́n ti sọ̀rọ̀? Alihamudulilai. Alihamudulilai. Kí ni wọ́n sọ? Kí ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ? Ẹ tún un wí.

Wọ́n ní, "Ìyàwó mi dà?"

Ṣé bí wọ́n ṣe wí i gan-an nìyẹn? Wọn ò fi nǹkan kan kún un? Ẹ bi í, ẹ jọ̀ọ́, kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ohùn wo ni wọ́n fi bèèrè mi? Ṣé ohùn ẹni tó ń wá ọmọ ẹ̀ ni, àbí ohùn ẹni tó ní kí wọ́n lọ mú mi wá?

Kò mọ̀. Ó ní òun ò mọ̀.

Ẹ mú ìborùn yín, Ìyá mi. Mi ò lè dúró de ọ̀la mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣáájú wọlé o, èmi á dúró lẹ́yìn yín, kí n lè kọ́kọ́ gbọ́ ohùn wọn kí n tó rí ojú wọn.